Eyín Tí Kò Lẹ́nu

A ti gboyè iṣẹ́ eyín n'Íbàdàn, a sì ti yọ eyín aláàyè, síbẹ̀ nígbà tí a dé Jeddah láti kọ́ ìtọ́jú gbòǹgbò, eyín òkú ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé wa lọ́wọ́.

A ó ri eyín yíyọ mọ́ inú ike, a ó lu orí rẹ̀ kan ihò tí ẹran rírọ̀ ń gbé. Irin tín-ín-rín, fáìlì, la ó tì wọ gbòǹgbò. Àwòrán X-ray ni yóò sọ ibi tí a dé, nítorí ó yẹ kó ku bíi mìlímítà 1 kí gbòǹgbò tán. A ó fi irú omi tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun fọ̀ ọ́, a ó wá fi gutta-percha, oje igi kan, dí i. Eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè ló burú jù: gbòǹgbò 3, ihò 4 lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀kẹrin a sì sá pamọ́. Fáìlì wa ṣẹ́ síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlájà kan ní Al-Sabeel di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. N ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ o.”

“Màmá, a ò tíì gbàwé àṣẹ níbí. Eyín òkú là ń ṣe.”

“Ta ló ni wọ́n?”

A ò mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì a sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà, a dúró lẹ́yìn àga, à ń ka ihò.