Kọ̀ǹpútà Tí Ó Sọ 5 Di 4

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú fún mi, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́.

Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní. Ní ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń dá owó jọ láti fi tẹ ìwé ìtàn tí wọ́n kọ. A ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní ordinateur. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ iye tí olúkúlùkù san sí.

Lọ́jọ́ ìṣirò, mo ka orúkọ ìyá àgbà kan, mo ní ó san 4000 fránkì. Ìyá ní rárá, 5000 ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ti fi bíìkì kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. A ti ná nínú owó náà ra bébà, nítorí náà àpótí owó kò lè là wá. Mo sọ níwájú gbogbo èèyàn pé: “Ìyá, ẹ ṣì í kọ ni. Ẹ̀rọ kì í ṣìrò.”

Ìyá pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní: “Olùkọ́, ìwọ náà lo kọ́ mi bí wọ́n ti ń kọ 5.” Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá sí kíláàsì.

Nǹkan mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ń tẹ ìtàn, ẹ kékeré á di Ẹ ńlá láàrin ọ̀rọ̀. Mo tẹ “ilẹ̀”, mo rí “ilẸ̀”. Ojú mi ni mo ń bá wí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Parakou wá kí wa. Mo ròyìn fún un. Ó ní: “Bàbá, àwọn iye tó yí padà yìí, ṣé wọ́n ń dín ni, àbí wọ́n ń lé?” Mo wò ó. 5 di 4, 7 di 6. Kò sí èyí tó lé rárá. Ó mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ti ṣàlàyé fún mi. Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí. Ọ̀kan dà bí àpótí. Bí iná bá lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sọnù. Èkejì dà bí pátákó ìkọ̀wé. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ ló ń kọ síbẹ̀, bí iná bá lọ, ó parẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní RAM. Ẹ̀yin náà mọ pátákó tí òjò ti pa lápá kan. Ẹfun kì í mú níbẹ̀ mọ́. Bí RAM tiwa ti rí nìyẹn.

Àmì méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀, 0 àti 1. Bí a bá tẹ 5, ó ń kọ 00110101. Bí a bá tẹ 4, ó ń kọ 00110100. Ẹ fi ìka tọ́ wọn wò láti òsì sí ọ̀tún. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló yàtọ̀. Ibi tó bàjẹ́ nínú RAM wa kò lè di 1 ìkẹyìn yẹn mú. Ó ń sọ ọ́ di 0. Bákan náà ni ẹ àti Ẹ ṣe yàtọ̀ síra.

RAM kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí a bá yọ ọ́, ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́. Owó tí à bá sì fi rà á ní Kútọnu, owó ìwé wa ni.

Ọmọ náà fi ètò kan tó ń jẹ́ Memtest86+ sí i lálẹ́. Ètò yìí ń kọ nǹkan sí gbogbo ojú RAM, á kà á padà, á wò ó bóyá ohun tó kọ ló rí. Nígbà tí àkùkọ fi kọ, ìlà pupa ti jáde. Gbogbo wọn ń tọ́ka sí ibì kan náà.

Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa. Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Rick van Rein, ará ilẹ̀ Netherlands, ṣe àfikún kan sí i tó pè ní BadRAM, kí èèyàn má baà ju RAM nù nítorí àbùkù kékeré. Títí di òní, ọ̀nà wà láti sọ fún Linux pé kó má tẹ ibì kan. Ọmọ náà kọ ìlà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ á máa kà nígbà tó bá ń jí. Megabyte 1 nínú 2048 ló yọ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa ní ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ náà ń kọ ebè yí àpáta ká, wọn kì í tìtorí rẹ̀ fi oko sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n 4000 ṣì wà níbẹ̀. Ìlà yẹn kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ kọ. Mo lọ sílé Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní kí n fi àwọn àmì náà han òun. Ó kọ 00110101 sínú ìwé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5000.

Lọ́jọ́ kejì, olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ wá, a tún gbogbo iye tẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tí a tún dán RAM wò nínú ìsinmi, ibi kejì ti bàjẹ́, a yọ òun náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Ìyá ni ó ń ka iye sókè, èmi ń tẹ̀ ẹ́.