Ọ̀nà Odò àti Pápá Ìlú: Àkíyèsí láti Ìyànsàn

Ọ̀nà odò ló ń ṣiṣẹ́ jù ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀gẹ́ gbà lọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ fún pùpùrù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé e gbà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí omi ti wọ̀ ọ́, tó ti wúwo sí i. Ẹni tí agbọ̀n tútù wà lórí rẹ̀ kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ètò àtúnṣe ìlú ní Ìyànsàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: àtẹ̀gùn òkúta níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ojú àgbàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti irin tí èèyàn lè dì mú.

*

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa kan náà, àtẹ̀gùn tó gun Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, arúgbó lè jókòó kó mí, kó sì tún máa gòkè lọ. Àwọn ibi ìsinmi yẹn ni mo kà sí iṣẹ́ ọgbọ́n jù níbẹ̀.

*

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ti sọ ẹni tó ni iṣẹ́ àtúnṣe ìlú báyìí. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbangba ìlú wà pẹ̀lú títì, iná ojú títì àti gọ́tà, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ará ìlú ń bèèrè gọ́tà lọ́wọ́ káńsù. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ibòòji.

Owó ńkọ́? Lọ́jọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ gómìnà mọ́. Nítorí náà, kí lẹ́tà ìlú ti dé káńsù kí wọ́n tó jókòó kọ ìsúná ọdún. Lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn ti di ti ọdún tó ń bọ̀.

*

Ilẹ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgbèríko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: wọ́n lè lò ó fún ohun tí gbogbo ìlú máa jẹ àǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún ohun tí olóko ti ṣe sórí rẹ̀. Ìdí ọ̀pẹ tó ń so ní iye tirẹ̀. Kí wọ́n kà á lójú olóko, kí wọ́n san án, kí katakata tó dé.

*

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí kò sí nínú ìwé sọfé kankan kì í pẹ́ di ara ọgbà ilé ẹnì kan.

*

Ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láàárín Camberwell àti Peckham tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ni Burgess Park wà. Ẹni tó bá rí koríko rẹ̀ lónìí lè rò pé bó ṣe wà láti ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn. Ilé gbígbé, ilé iṣẹ́ àti ipadò ọkọ̀ ẹrù ló wà níbẹ̀ rí. Ètò ìlú tí Forshaw àti Abercrombie kọ lọ́dún 1943, nígbà tí ogun ṣì ń jà, ló kọ́kọ́ ní kí ibẹ̀ di ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó ilẹ̀ náà jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1973 wọ́n fi orúkọ Jessie Burgess pè é, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ méyọ̀ Camberwell. Nígbà tó di ọdún 2009, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dìbò yan àwọn ọgbà tó yẹ kí owó kàn, Burgess Park sì wọlé: mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn láti ọ́fíìsì méyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wá owó mìíràn kún un títí ó fi di mílíọ̀nù 8, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà lọ́dún 2012. Ipadò ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n dí ti di ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ gbà dé Peckham.

Àwọn ọmọ wa kan ń gba ọ̀nà yẹn lọ síbi iṣẹ́. Ó wù mí kí wọ́n máa rántí rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ń dáwó nílé. Àwọn tó kọ ètò ọdún 1943, ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún.

*

Ètò ìdàgbàsókè agbègbè tí Báǹkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà ní ìlànà kan tí mo fẹ́ràn. Ìlú fúnra rẹ̀ ló yan ohun tó fẹ́, òun ló sì mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà wá. Ìdá mẹ́wàá kì í ṣe ohun tó ju agbára ìlú tó ń jáde ṣe iṣẹ́ ìlú tẹ́lẹ̀.

*

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ hẹ́kítà 75. Ọdún 1965 ló di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ọdún 2005 ni UNESCO gbà á wọlé. Igi rẹ̀ ṣì wà. Odò tó gba àárín rẹ̀ kọjá dọ̀tí nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè, níbi tí igbó náà kò dé. Ẹni tó bá ń tún ẹsẹ̀ odò ṣe ní Ìyànsàn gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tí wọ́n ń dà sínú omi lókè.

*

Àgbàrá Ògùnpa ti ọdún 1980 ba ọgbà Agodi ní Ìbàdàn jẹ́. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún àgbàrá yẹn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

*

Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọgbà ìgbafẹ́ tí a ní ní Ìyànsàn. Bọ́ọ̀lù, ìpàdé, ìdálẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ ibẹ̀ ni. Igi díẹ̀ àti bẹ́ǹṣì ló kù ún kù. Kí ẹni tí yóò máa gé koríko rẹ̀ ti ní owó oṣù nínú ìwé akápò, kí ẹnì kan sì ti gbà láti máa bẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n tó gbin igi àkọ́kọ́.