Kọ́ńdọ́ Ló Ń Rán Wa Létí Tẹ́lẹ̀

Nígbà kan, ẹni tí kò mọ ọ̀nà ní Mainland Èkó kò nílò ju ẹnu rẹ̀ lọ. Á wọ dánfó ní Yábàá, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìdí-Òrò ni mò ń lọ o, ẹ má jẹ́ kí n kọjá." Kọ́ńdọ́ á rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, á máa pe ibùdókọ̀ bí wọ́n ṣe ń dé e: Ojúẹlẹ́gba, Ìdí-Òrò, Ọlọ́ṣà, Ojúwòyè. Bí òun bá gbàgbé, ìyá ọlọ́jà tó gbé ẹrù lé itan kò ní gbàgbé: "Ọmọ yìí ń bọ́ o! Ó wà o!" Owó ọkọ̀ nìkan lèèyàn ń san. (Àwọn kọ́ńdọ́ kan wà ṣá tí wọ́n á gbé ọ kọjá tán, tí wọ́n á tún ní ìwọ lo sùn.)

GSM dé ní 2001. Nokia 3310 ìgbà náà kò mọ̀ bóyá Láwáńsìn lo wà tàbí Fádéyí. Òpó nẹ́tíwọ̀kì tó sún mọ́ ọn ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dà á láàmú, ojú rẹ̀ sì kéré. Bí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bátìrì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Fóònù ọwọ́ wa lónìí ti gba iṣẹ́ kọ́ńdọ́. Láti 2019 ni Google Maps ti ń júwe ọ̀nà dánfó fún ará Èkó. Áàpù takisí, ti ojú ọjọ́, ti ìtajà, oníkálukú ló fẹ́ mọ ibi tó o dé kó lè ta ọ́ lólobó. Ìró ìkìlọ̀ yẹn gan-an kò jẹ bátìrì tó bẹ́ẹ̀. Ṣíṣọ́ tí fóònù ń ṣọ́ ọ títí ìgbà tó máa dún ló ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì àti Wi-Fi ló fi ń mọ ibi tó wà, ìnáwó náà kéré. GPS ló wọ́n. Sátẹ́láìtì tó lé ní 20,000 kìlómítà lókè ni fóònù ń tẹ́tí sí, ohùn wọn sì ti rẹlẹ̀ púpọ̀ kó tó dé ilẹ̀. Wá fi sínú ọkọ̀ onírin, nínú gosiló, lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, níbi tí ojú ọ̀run ti fara pamọ́. Fóònù á máa wá wọn kiri, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní sùn.

Àwọn tó ṣe Android rí ìṣòro bátìrì yìí. Ní 2017 wọ́n dín iye ìgbà tí áàpù tí a kò ṣí lè béèrè ibi tí a wà kù sí ìgbà díẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní 2019 wọ́n jẹ́ ká lè sọ fún áàpù pé ìgbà tí a bá ń lò ó nìkan ni kó máa béèrè.

Síbẹ̀, nínú dánfó báyìí, oníkálukú ti dorí kodò. Ìyá ọlọ́jà kò mọ ibi tí ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lọ mọ́, ọmọ náà ò sì sọ. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ bátìrì lọ.

Ẹ ṣí Settings, ẹ wo abẹ́ Location. Áàpù tẹ́ ẹ bá rí tó ń béèrè nígbà gbogbo, tí kì í ṣe ti máàpù tàbí ti ààbò ẹbí yín, ẹ gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé.