Nnewi, Ọjà Ẹsẹ̀ Alùpùpù

Ẹni tó bá kúrò ní Àkúrẹ́, tó forí lé ìlà-oòrùn, tó gba ìlú Benin kọjá, yóò dé Asaba, yóò sì bá Odò Ọya níwájú. Afárá méjì ló dábùú rẹ̀ níbẹ̀: ti àtijọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, àti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2023. Onitsha ló wà lódìkejì. Níhà gúúsù rẹ̀, tí kò jìnnà, ni Nnewi wà, ìlú àwọn oníṣòwò ní ìpínlẹ̀ Anambra.

Nkwo ni ọjà ìlú náà ń jẹ́, ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀sẹ̀ àwọn Ìgbò ní. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, òwò ẹ̀yà ara mọ́tò àti alùpùpù gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ pàṣẹ ọjà títí dé Taiwan. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn mìíràn nínú wọn ti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá a sì fún un lówó tí yóò fi dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ kan ṣe ń bí òmíràn, tí ẹrù Nnewi sì ń la afárá kọjá wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

Lára ẹrù náà ni ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣọ́ọ̀kì iwájú. Ẹsẹ̀ méjì ni; ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ páìpù tó ń wọ inú páìpù, pẹ̀lú sípíríǹgì àti ọ́ìlì nínú. Òun ló di táyà mú, òun ló ń gba kòtò mọ́ra. Bí ọlọ́kadà bá forí sọ nǹkan, òun ló sábà máa ń wọ́.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ohun tí ọlọ́kadà bá pa lóòjọ́ ni yóò jẹ, nítorí náà, iná wẹ́dà a máa wù ú ju ẹsẹ̀ tuntun lọ. Ṣùgbọ́n irin tí iná ti mú rọ̀ kì í ní agbára rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ojú rẹ̀ tó ń dán a bó, a ya rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì, ọ́ìlì a sì máa jò.

Ẹni tó mọṣẹ́ yóò tú ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò yí páìpù inú wọn lórí gíláàsì títẹ́jú. Èyí tó bá ń fò ti wọ́ nìyẹn. Kódà, bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ló rà, gíláàsì náà ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Yóò yẹ irin tó so wọ́n pọ̀ lókè wò, àti ọrùn férémù àti ríìmù, nítorí ẹsẹ̀ tuntun kò lè tún ọrùn wíwọ́ ṣe. Yóò pààrọ̀ rọ́bà, yóò sì bu ọ́ìlì sí méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò ní jíà ẹ̀yìn. Ìyá ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé tó jókòó lẹ́yìn ọlọ́kadà kò mọ bí ẹsẹ̀ iwájú ti rí. Ẹni tó mọ̀ ni kó má fi iná wẹ́dà tàn wọ́n.