Ẹni tí ń wọn nǹkan, ta ni yóò wọn òun?

Ẹni tí ó bá ti ṣe akọ̀wé nídìí ìwọ̀n kòkó rí mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í fọhùn, síbẹ̀ ó lè purọ́. Mo ti rí àgbẹ̀ tí ìwọ̀n oníṣòwò bu ẹrù rẹ̀ kù, tí kò sì rí ohun tí yóò fi jiyàn, nítorí kò sí ìwọ̀n mìíràn níbẹ̀ tí a lè fi dán ti oníṣòwò náà wò. Nítorí èyí ni inú mi fi dùn sí iṣẹ́ kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe.

Ní ọdún 1901 ni ìjọba wọn dá àjọ tí ń ṣọ́ òṣùwọ̀n sílẹ̀. Láti ọdún 1988 ni a ti ń pè é ní NIST. Ní Gaithersburg, ní ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n ní gbọ̀ngàn tóóró kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 mítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán okùn irin tí a fi ń wọn ilẹ̀ wò, àti ẹ̀rọ lidar pẹ̀lú. Lidar a rán ìmọ́lẹ̀ lésà jáde. Ìmọ́lẹ̀ náà a kan nǹkan, a sì padà. Ẹ̀rọ a wá fi àkókò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ mọ bí nǹkan náà ti jìnnà tó. Ṣùgbọ́n 299,792,458 mítà ni ìmọ́lẹ̀ ń sáré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ bá ṣi àkókò kà ní ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, yóò ṣi ọ̀nà wọ̀n ní 15 sẹ̀ntímítà.

Èéṣe tí a kò fi ṣe ìdánwò náà ní gbangba? Oòrùn, eruku àti ẹ̀fúùfù kì í jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Àní bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1 °C péré gbóná sí i, ìwọ̀n 60 mítà yóò yẹ̀ ní nǹkan bí 0.06 mílímítà. Nínú ilé, a lè ṣọ́ ooru. A ó gbé àmì sórí ojú irin, a ó sì máa sún un. Lésà mìíràn, tí ń ka ìgbì ìmọ́lẹ̀, yóò jẹ́rìí bí ó ti rìn tó. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ ASTM tẹ ìlànà irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ ni E2938.

Òótọ́ ni pé òjò àti kùrukùru kò sí nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀rọ tí ó yege níbẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò ìta. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Lónìí, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ń fi lidar ríran láàárín àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè, nídìí ẹ̀rọ bí ti nídìí kòkó: ta ni ó dán òṣùwọ̀n yìí wò?