Ẹni Tó Ń Wá Bá Wa Nílé

Lawanson, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Peckham. Bàbá Démiládé ní kí n kí yín. Màmá náà ní kí n sọ fún yín pé orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí n lè máa gbé Démi ọmọ mi lọ sí ibi ìtọ́jú ọ́tísíìmù ní Ìkẹjà. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ráhùn owó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán ná.

Ibi tí ẹ ń sọ yẹn dáa. Patrick Speech and Languages Centre ni. Dọ̀tun Àkàndé tó dá a sílẹ̀ ní 2006, ọ̀rọ̀ náà ti kan òun alára gbọ̀ngbọ̀n, ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù. Àmọ́ ṣé ẹ ti gbàgbé Èkó ni? Láti Lawanson, kẹ̀kẹ́ dé Ojúẹlẹ́gba, dánfó dé Òṣòdì, ká tún wọ òmíràn, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀! Ká tó débẹ̀, fèrè ọkọ̀ àti ariwo kọ̀ndọ́ ti dá Démi lágara. Á fọwọ́ méjèèjì bo etí, á máa mì síwá-sẹ́yìn, wákàtí tá a sanwó fún á wá di ti ẹkún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àǹtí kan tó ń wá kọ́ Démi nílé. Nọ́ọ̀sì kan tá a pàdé ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ló júwe rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo ti to ohun ìṣeré olówó gọbọi sílẹ̀ dè é. Kò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Kíṣìnì ló wọlé sí, ó ní kí n máa pọn mọ́ínmọ́ín mi lọ. Ó fi Démi jókòó sórí àpótí, ó ń na ewé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Ewé," á dákẹ́, á dúró. Kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí Démi bá wò ó tàbí tó nawọ́. Bá a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, títí di ọjọ́ tí ọmọ tí kì í ya ẹnu sọ ohunkóhun nawọ́, tó ní, "Wé." Àǹtí, ọwọ́ mi kúrò nínú ìkòkò!

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ohun tí ilé ń ṣe lójoojúmọ́ ni kó di kíláàsì. Ó ya àwòrán garawa, búrọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀wù, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, kí Démi lè mọ ohun tó kàn. Gbogbo wa ló sì ń kọ́. Màmá tó ti sọ pé emèrè ni Démi, tó fẹ́ gbé e lọ sórí òkè àdúrà, òun gan-an ló ń bá àwọn alájọgbé jà báyìí tí wọ́n bá pè é ní ọmọ tí wọn ò kọ́.

Ó sọ fún wa pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí ọmọ ọdún 2 sí 9 tó dà bíi Démi: ìpàdé 9 pẹ̀lú àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ wọn, àbẹ̀wò 3 sílé, ẹni tí kì í ṣe dókítà sì lè darí rẹ̀. Lójú tèmi, àbẹ̀wò yẹn ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí àǹtí yìí kò bá wá sílé, báwo ni ì bá ṣe mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé ni kì í jẹ́ kí Démi sùn?

Ẹ bi mí bóyá ká pa Yorùbá tì, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i. Rárá o. Kò sí ìwádìí tó fi hàn pé èdè méjì ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Màmá ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni kó wá máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án?

Ti ìjọba ńkọ́? Èkó ti ṣòfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá láti 2011, Àbújá tẹ̀ lé e ní 2019. Ilé-ẹ̀kọ́ Modupe Cole fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Akọ́kà, ọsibítù àrùn ọpọlọ ti Yábà sì ní ẹ̀ka ọmọdé ní Òṣòdì. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn òbí, àpò òbí ni owó rẹ̀ ti ń jáde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi owó yín san ti àǹtí yìí. Bó bá ṣẹ́ kù, ó wù mí kí àǹtí náà máa yà sọ́dọ̀ ìyá kan ní Mushin tí ọmọ rẹ̀ dà bíi Démi, tí kò rówó san. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, ẹ bá wa ra ohun ìbo-etí tó ń dín ariwo kù, ìwọ̀n ọmọ ọdún 6. Tí ẹ bá sì dé, ẹ má sáré dì mọ́ Démi o. Ẹ jókòó, òun fúnra rẹ̀ á wá bá yín.

Èmi ni àbúrò yín,
Fúnkẹ́.