Bí Gẹ̀ẹ́sì Bá Dàrú, Ẹ Má Na Yorùbá

Ẹni tó bá rìn kiri ní Ìkéré, Ìsẹ̀ tàbí Emùré kò ní pẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gún un létí. "Borrow me your biro." "They are calling you," nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń peni. "I'm coming," láti ẹnu ẹni tó ti kẹ̀yìn síni, tó ń lọ. N kò ní purọ́, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá orísun wọn. "Yá" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹni tó fúnni lówó àti ẹni tó gbà á. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, ta ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ? "Mò ń bọ̀" jẹ́ ìlérí pé ẹni tó ń lọ yóò padà. "Wọ́n" fún ẹnì kan jẹ́ ọ̀wọ̀ àgbà. Kódà, nínú ẹ̀ka èdè Èkìtì àtijọ́, ọmọdé lè sọ "o" fún àgbà láìsí àfojúdi. Ìkíni àti ìkúnlẹ̀ ló ń gbé ọ̀wọ̀. Ìyẹn sún mọ́ "you" Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá ilé ìwé lọ. Ọmọ tó ń pe ilé ní "ulé" ń ru èdè mẹ́ta lórí. Kì í ṣe òpè.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ilé ìwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ìyẹn kò kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́ ọ. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, di ẹ̀bi ìfìdírẹmi nínú ìdánwò ru èdè abínibí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìpinnu 2022 kò tí ì jáde níbẹ̀, áńbọ̀sì kó jókòó ṣe ìdánwò WAEC.

Olùkọ́ tó bá kọ "lend" àti "borrow" sójú pátákó, tó sì fi "yá" la ìyàtọ̀ wọn yé ọmọ, ti tún Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà ṣe. Kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.